Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Tó Ń Rú Èéfín

Kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi jẹ́wọ́: èmi ni mo ra búrẹ́dì fún bàbá àgbà mi nígbà tó ní òun fẹ́ rí ọkọ̀ ogun abẹ́ omi.

Ọ̀sẹ̀ tó dé láti Èkó ni. A jókòó ní pálọ̀ mi ní Oxon Hill, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní, "Láńre, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fojú rí ní Amẹ́ríkà yìí kí n tó kú. Sọbumaríìnì." Èmi tí mi ò kàwé kọjá Fọ́ọ̀mù Tíríì, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ń wà ní National Harbor, sọbumaríìnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀: búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń kó ẹran àti ewébẹ̀ sí láàárín, tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé wa kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára gíláàsì. Inú mi dùn. Mo ní àṣé òkìkí búrẹ́dì yìí ti dé Èkó. Mo sáré lọ ra èyí tó gùn jù, mo ní kí wọ́n fi ata sí i dáadáa, mo gbé e síwájú bàbá lórí àwo.

Bàbá wò ó. Ó yí àwo náà po. Ó ṣí búrẹ́dì náà lókè, ó yọjú wo inú rẹ̀. Ó gbàdúrà sí i, torí kì í fi oúnjẹ ṣeré, ó jẹ ìdajì rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù nu ẹnu. Ó wá ní, "Ó dùn o. Ṣùgbọ́n ibo ni àwọn sójà ń gbà wọlé?"

A ti sin bàbá báyìí. Ìwé ìsìnkú tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ sọ ibi tí wọ́n bí i sí, ó sọ àwọn ilé-ìwé tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà, ó sọ iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kà á títí dé ẹ̀yìn, mi ò pàdé bàbá àgbà mi níbẹ̀. Ìdí nìyí tí èmi tí kò mọ̀wé fi mú bírò.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bàbá nígbà ayé rẹ̀, kó lọ bá a sọ pé "wọ́n ní." Mo ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ìgbà òtútù. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní yìnyín máa já lọ́la."

"Ta ni wọ́n?"

"Rédíò ni, sà."

"Rédíò wo? Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Ṣé ó rí yìnyín náà ni, àbí wọ́n sọ fún òun náà?"

Mo dúró bí ọmọ ilé-ìwé tó pẹ́ dé. Lójú bàbá, ẹni tó ní "wọ́n ní" ti sá fún ọ̀rọ̀ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bá ní wọ́n ní ọmọ lágbájá ti kọ ìyàwó rẹ̀, bàbá á tún táì rẹ̀ ṣe, torí kì í jáde láìwọ táì, ìbáà ṣe láti lọ da ilẹ̀ nù, á wá wí jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá, 'wọ́n ní' kò lójú. A ò lè bá a wíjọ́."

Mo rò pé àgídí tíṣà ni, àfìgbà tó sọ ìtàn bàbá tirẹ̀ fún mi.

Akínwálé ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Nígbà ogun Jámánì àkọ́kọ́, ó bá ọkọ̀ òyìnbó kan lọ sí òkun, ó ń kó èédú sínú iná ọkọ̀. Ní ìtòsí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí èéfín funfun kan lójú omi. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ló gòkè wá, páìpù èéfín dúró lẹ́yìn rẹ̀ gbọọrọ. Ó yìnbọn kan kọjá iwájú wọn kí wọ́n lè dúró. Kápúténì Jámánì jáde, ó fi ohun tó dà bí àrọ sẹ́nu, ó ní kí gbogbo wọn wọ ọkọ̀ kékeré, òun fẹ́ ri èyí tó tóbi. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, ó rì í. Òkun ń ru, ilẹ̀ jìnnà. Kápúténì wo ọkọ̀ kékeré tó ń fò sókè sódò, ó ju okùn sí wọn, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó fà wọ́n títí wọ́n fi rí ilẹ̀ lókèèrè. Ó gé okùn náà, ó juwọ́ sí wọn, ó lọ.

Ìtàn tí Akínwálé sọ nígbà tó délé nìyẹn, wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín títí ó fi kú. Ohun méjì ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Èkíní ni páìpù. "Ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń rú èéfín! Ṣé wọ́n ń se ọbẹ̀ nísàlẹ̀ òkun ni?" Èkejì ni okùn. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀rẹ́ Jámánì, lásìkò tí orúkọ bẹ́ẹ̀ lè gbé èèyàn dé túbú. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Akin wo ló wálé? Apurọ́ ló wálé!" Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọmọ kan nínú ẹbí wa tó tún jẹ́ Akínwálé, orúkọ tó kún ìgboro bí ilẹ̀ bí ẹní.

Àwọn tó rẹ́rìn-ín, bàbá kò bá ẹnìkan nínú wọn láyé mọ́. Síbẹ̀ kò jáwọ́. Ó ní, "Bàbá mi kò ní 'wọ́n ní.' Ó ní 'mo rí.'"

Ohun tó wá gbé ọ̀rọ̀ náà dìde lọ́tun ni oyún. Títí, ìyàwó Ṣẹ́gun àbúrò mi ní Bowie, lóyún, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, ọkùnrin ni. Bàbá ní Akínwálé ni ọmọ náà á jẹ́. Ṣẹ́gun kò janpata. Ṣùgbọ́n bàbá ní àbúrò obìnrin kan tó kù láyé, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Suitland torí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Suitland ló ń gbé. Láti ìgbà tí bàbá tó bí èmi àti Ṣẹ́gun ti kú, kò sí ìkómọ tí Màmá kì í fọwọ́ sí. Bàbá pè é lórí fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa dún sí gbogbo ilé.

"Bọ̀dá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má so orúkọ yẹn mọ́ ọmọ tuntun lọ́rùn."

"Wúràọlá, orúkọ bàbá rẹ ni."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ̀gbọ́n ìyá wa ṣe kú."

Ibẹ̀ ni èmi ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn náà wọkọ̀ òkun nínú ogun kan náà. Nígbà tí ogun ń parí lọ, Jámánì ri ọkọ̀ tirẹ̀ láìkìlọ̀, kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Akínwálé bá jókòó tó ń ròyìn Jámánì rere tó ju okùn, ìyá wọn á dìde, á lọ sẹ́yìnkùlé. Wúràọlá, tó wà ní kékeré, tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ kan, ó bá a tó ki etí ìró bọ ẹnu kí ẹkún má bàa dún.

Màmá ní, "Bí ìtàn bàbá bá jẹ́ irọ́, ó fi irọ́ pa ìyá mi lẹ́kún. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ẹ fi hàn mí. Ẹ má fi ẹnu nìkan hàn mí o!"

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ kóòtù rẹ̀. Ó ní, "Láńre, gbé mi lọ sí láíbìrì."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé àdúgbò wa yìí mọ̀ ọ́n: lẹ́gbẹ̀ẹ́ Suitland, ilé iṣẹ́ ìjọba ló kún ibẹ̀. Nígbà yẹn, bí èèyàn bá gbàgbé báàgì rẹ̀ sí ibùdókọ̀, gbogbo òpópónà á dá páú nítorí ìbẹ̀rù bọ́ǹbù. Ibẹ̀ ni bàbá ti lọ dúró níwájú ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìwé, tó fi Gẹ̀ẹ́sì ọ̀gá ilé-ìwé sọ ọ́ ketekete pé òun fẹ́ ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, àti bí ó ṣe ń ri ọkọ̀ ẹlòmíràn. Mo rìn jẹ́jẹ́ lọ sí ibi ìwé àwọn ọmọdé, mo ṣí ọ̀kan tí wọ́n ya ehoro sí, mo ń kà á. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ehoro náà dorí kodò. Bàbá ké sí mi láti òpin yàrá kejì, "Láńre! Wá bá mi gbé ìwé ogun yìí!" Gbogbo orí yí sí mi. Nínú mọ́tò, mo ní, "Bàbá, wọ́n á mú wa." Mo rántí pé mo ti ní "wọ́n." Bàbá kò tilẹ̀ torí ìyẹn bá mi jà. Ó kàn ní, "Ogun tó ti parí kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó fẹ́ mú ọ, kí ló fẹ́ torí rẹ̀ mú ọ sí?"

Ìwé náà gbé e lọ, ó gbé èmi náà dání, torí kò lè kà á kó má ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń dín ẹyin ni mo ń gbẹ̀kọ́. Ó ní èmi àti ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọkọ̀ náà ń gbé abẹ́ omi bí ẹja. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú omi ló ti ń rìn jù, ìgbà tó bá fẹ́ fara pamọ́ ló ń wọlẹ̀. Lábẹ́ omi, bátìrì ló ń gbé e, kì í yára, bátìrì náà kì í sì í pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ọta ńlá tó ń gba abẹ́ omi lọ fọ́ ọkọ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kápúténì kì í fẹ́ ná an sórí ọkọ̀ akẹ́rù lásán. Á gòkè, á dá ọkọ̀ náà dúró, á lé àwọn èèyàn sílẹ̀, á fi ìbọn tàbí bọ́ǹbù kékeré ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, páìpù ńkọ́?" Ó ní kí n ṣe sùúrù, òun kì í fo ojú ìwé.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ló kígbe. Mo sáré wọlé, mo rò pé ó ṣubú ni. Ó na ìka sí àwòrán kan. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ti ìbẹ̀rẹ̀, kẹrosíìnì ni ẹ́ńjìnnì wọn ń jẹ lójú omi. Kẹrosíìnì yẹn ń tú èéfín funfun tí wọ́n ń rí láti ọ̀nà jíjìn, iná wẹ́wẹ́ á máa ta jáde nínú rẹ̀. Nítorí náà wọ́n ṣe páìpù gígùn sí i lẹ́yìn, wọ́n á dì í délẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú omi. Páìpù náà nìyẹn nínú àwòrán, ó dúró gbọọrọ bí Akínwálé ṣe wí. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́ wò, bóyá páìpù náà á ti kúrò níbẹ̀. Ó wá sọ ọ́ wẹ́lẹ́ pé, "Kò sí apurọ́ tó lè ronú kan páìpù yìí."

Màmá Suitland kì í ṣe alágídí lásán. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Mo gbà, Bọ̀dá mi. Ojú bàbá rí ọkọ̀ náà. Okùn ńkọ́? Ẹni tí àánú ṣe débi tó fi ju okùn, kí ló dé tí kò kó wọn wọ inú ọkọ̀ tirẹ̀? Ta ló ń fi okùn fa èèyàn bí ewúrẹ́, kó tó pe ara rẹ̀ ní aláàánú?"

Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú fún bàbá. Bàbá fi ọwọ́ dá mi dúró. Ọdún mélòó ni ọkùnrin yìí ti fi kọ́ ọmọ níwèé, ìbéèrè gidi ṣì ń dùn mọ́ ọn bí àádùn. Ó ní, "Wúràọlá, mi ò mọ̀. Màá lọ wò ó." Ó sọ fóònù kalẹ̀, ó sọ fún mi pé, "Ìbéèrè tó dáa kì í ṣe ọ̀tá ẹni."

Bá a ṣe dé Baltimore nìyẹn. Wọ́n so ọkọ̀ abẹ́ omi àtijọ́ kan mọ́ èbúté níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà, kí àwọn èèyàn lè wọ̀ ọ́ wò. Mo ti pinnu nínú ara mi pé màá dúró ní etí omi, màá máa ṣọ́ ọ̀pá bàbá. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ̀pá. Ihò tí wọ́n ń gbà wọlé kò ju ẹnu kànga lọ, àkàbà irin ló wọ inú rẹ̀ lọ. Mo ti bẹ̀rù ibi híhá láti kékeré. Nínú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn rókè ní hòtẹ́ẹ̀lì wa pàápàá, orin ìyìn ni mò ń kọ títí ilẹ̀kùn á fi ṣí. Bàbá wo ihò náà, ó wo orúnkún rẹ̀ méjèèjì tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́, ó fún mi ní ọ̀pá, ó kẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Òyìnbó tó ń mú àwọn èèyàn káàkiri ní, "Sà, ẹ lè wò ó láti òkè." Bàbá ní, "Òkè ni mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí."

Nígbà tí orí rẹ̀ bọ́ sínú ihò, ojú tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Mo fi ọ̀pá lé òyìnbó náà lọ́wọ́, mo di ojú, mo tẹ̀ lé e. Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé mo kọ orin, òyìnbó kan sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Irin, irin, irin. Páìpù lókè, páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibùsùn bí pẹpẹ tí wọ́n to lé ara wọn. Bàbá dúró láàárín, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, kò tíì nà án tán tí ìka rẹ̀ fi kan irin lọ́tùn-ún lósì. Ó bi òyìnbó náà, tó ti tẹ̀ lé wa wọlé, bóyá ti Jámánì ìgbà ogun àkọ́kọ́ tó báyìí. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó ní ààfin ni èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Bàbá jókòó sí etí ibùsùn kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí àlejò kún ilé rẹ̀ tó ń wá ibi tí wọ́n á sùn. Ó gbójú sókè sí mi. "Láńre, ibo ni ì bá kó wọn sí?"

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tí kò sọ ọ́ fún. Ó máa ń wọ bọ́ọ̀sì mi ní National Harbor, á jókòó lẹ́yìn mi, á máa ṣàlàyé páìpù àti okùn fún àwọn àlejò hòtẹ́ẹ̀lì tó wá ṣe ìpàdé. Èmi á máa wo dígí, mo ń retí kí ẹnìkan fi ẹjọ́ mi sun ọ̀gá. Ọkùnrin kan bi í bóyá ó ti ṣiṣẹ́ sójà ojú omi rí. Bàbá ní, "Rárá o. Ọmọ ẹni tí kò kú ni mí."

Lójú tèmi, a ti borí. Ṣùgbọ́n bàbá kò dá ìwé padà. Ó kà á lọ, ojú rẹ̀ ń dúdú sí i. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ogun ṣe ń le, àṣẹ yí padà ní Jámánì: kí wọ́n má ṣe gòkè mọ́, kí wọ́n má kìlọ̀ mọ́, ohunkóhun tó bá ń léfòó ni kí wọ́n rì. Ọmọ ogun omi kan náà ni. Ó lè jẹ́ kápúténì kan náà, a ò mọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi apá ibẹ̀ yẹn sílẹ̀. Páìpù àti okùn tó."

Mi ò rí i kó bínú báyìí rí. Ó dìde láìmú ọ̀pá. "Ṣé kí n fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi fọ bàbá mi mọ́?"

Yìnyín wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ sí Suitland. Ó jókòó níwájú àbúrò rẹ̀, ó sọ méjèèjì: bí inú ọkọ̀ náà ṣe há tó, àti bí àwọn tó ju okùn ṣe padà di àwọn tí kì í kìlọ̀. Kò fi iyọ̀ sí èkíní, kò bu omi la èkejì. Ó ní, "Ìyá wa kò sunkún lásán, Wúràọlá. Bàbá wa náà kò purọ́." Màmá dìde. Ó wọ kíṣìnì lọ, ó gbé ife wá. "Ẹ mu tíì, Bọ̀dá mi. Òtútù mú yín." Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí à ń lọ sílé, mo ní ó ti kọ̀ nìyẹn. Bàbá ní, "Tíì ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Jẹ́ kó gbé e mì."

Bàbá kú kí ewé tó rú. Orí àga rẹ̀ ló sùn sí, táì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti dì mí lọ́wọ́ mú pé, "Bí mi ò bá sí níbẹ̀, ìwọ ni kó o dárúkọ rẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ ra omi.

Títí bímọ lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin. Ẹ ti mọ ohun tí gbogbo Yorùbá tó wà ní Bowie sọ: Babátúndé! Pásítọ̀ sọ ọ́, àwọn ẹbí ìyàwó sọ ọ́, àwọn aládùúgbò fi ń kí wa. Ta ni kò ní sọ ọ́? Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, ọmọkùnrin dé. Lọ́jọ́ ìkómọ, pálọ̀ Ṣẹ́gun kún, Màmá Suitland jókòó láàárín, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oyin ti kan ọmọ lẹ́nu, iyọ̀ ti kàn án. Pásítọ̀ ní, "Babátúndé, àbí, Màmá?"

Ṣẹ́gun wò mí. Títí wò mí. Èmi wo bàtà mi. Àkàbà Baltimore rọrùn fún mi ju èyí lọ, torí ó sàn kí irin há mọ́ èèyàn ju kí ojú Màmá Suitland há mọ́ ọn. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ orin. Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀. Bàbá àgbà ti sọ orúkọ tó fẹ́. Kì í ṣe Babátúndé. Akínwálé ni. Wọ́n ti . . . rárá, àwọn baba ńlá àdúgbò wa l'Ékòó ló fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá wádìí rẹ̀ títí dé inú irin. Èmi náà débẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo sì rí i pé kò sáyè. Màmá, ẹ̀yin lẹ́ ẹ ni ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó títí ẹ ó fi sọ ọ́."

Pásítọ̀ kò mọ ohun tó kan irin nínú ìkómọ. Màmá gbé ọmọ náà sókè díẹ̀, ó wò ó lójú. Kò sọ ọ́ fún wa. Ọmọ náà ló ń bá sọ ọ́.

"Mo gbọ́ ẹkún ìyá mi nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀. Jámánì ló ri ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìkìlọ̀. Jámánì náà ló fi okùn fa bàbá mi. Ìkan kò pa ìkejì rẹ́. Ṣùgbọ́n bí okùn yẹn bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé irọ́ ló bí èmi tí mo gbé ọ lọ́wọ́ yìí. Akínwálé, káàbọ̀ sílé."